Sẹ́fà Kọ̀tọ̀nù Kì í Ṣe Owó Libreville: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Ìrìn Àjò Gàbọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtilọ sí Gàbọ̀n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ owó ọwọ́ yín wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Kọ̀tọ̀nù àti Lọmẹ́, kì í wọ́n nílé àwa tí à ń ná ọjà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bá èmi àti àbúrò mi ṣètò ìrìn àjò wa fi wọ̀ wá létí nígbà tí ó ní, "Sẹ́fà ni sẹ́fà ń jẹ́, ẹ má wulẹ̀ ṣẹ́ owó kankan."

Alẹ́ ni a gúnlẹ̀ sí Libreville, olú ìlú Gàbọ̀n. Nígbà tí takisí gbé wa dé ilé ìtura, awakọ̀ gba owó lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí iwájú iná ọkọ̀, ó fi ìka tẹ àwòrán ẹja tí ẹnu rẹ̀ rí bí ayùn, èyí tí í ṣe àmì báńkì àgbà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì dá a padà fún mi láìsọ̀rọ̀. Ó ti ẹ̀yìn ọkọ̀ pa mọ́ ẹrù wa, ó ní òun kò ní gbé e sílẹ̀ àfi bí òun bá rí owó gidi. Obìnrin tí ó ń gba àlejò nílé ìtura náà kò gbà á, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni Faransé tèmi kò kọjá ti ìdúnàádúrà lọ́jà. Owó tí ó tó wa jẹ, tí ó tó wa sùn, wà lápò mi, síbẹ̀ a kò lè fi ra omi tútù. Àbúrò mi bọ́ yẹtí wúrà tí ìyá wa fún un, ó fi dógò lọ́dọ̀ obìnrin náà, kí ó tó bá wa san owó ọkọ̀, kí ó sì ṣí yàrá fún wa. Omijé tí mo rí lójú rẹ̀ bí ó ti ń bọ́ yẹtí náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ní ọjọ́ kejì, ní ọjà Mont-Bouët, a bá ìyá aláṣọ kan pàdé, ọmọ Pobè ní ilẹ̀ Benin. Ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ̀yin ọmọ mi," ó sì bá wa ṣẹ́ owó náà, nítorí pé ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé. A sì gba yẹtí wa padà.

Ohun tí ó ń tan ènìyàn ni pé iye kan náà ni sẹ́fà méjèèjì, ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti ti Àárín Áfíríkà, 655.957 sí yúrò kan. Ṣùgbọ́n báńkì ọ̀tọ̀ ni ó ń bójú tó owó Gàbọ̀n, Kamẹrúùnù, Ṣáàdì, Kóńgò ti Brazzaville, Gínì Alágedeméjì àti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Àárín Áfíríkà. Ẹ ka orúkọ báńkì tí ó wà lára owó náà: bí ẹ bá rí "Afrique de l'Ouest", èyí tí í ṣe Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ fi í sílé, kí ẹ mú yúrò dání.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ni mo ń wá lọ sí Gàbọ̀n. Ọgbà ẹranko Lopé ni mo lọ wò, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2007, n kò sì rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin láti Owendo ni ó ń gbé ènìyàn débẹ̀. Oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni òjò dáwọ́ dúró jù. Gàbọ̀n kò sí nínú ECOWAS, nítorí náà ẹ gba físà, kí ẹ sì mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lọ́wọ́. Ẹ kọ́ Faransé díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé bí a bá ti gbọ́ ọ dáadáa lóru ọjọ́ náà, bóyá à bá rí ẹni ṣàlàyé fún nípa owó wa.

Bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ ṣẹ́ sẹ́fà ti Libreville tí ó bá ṣẹ́kù sí yúrò kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, nítorí pé ọlọ́jà Kọ̀tọ̀nù kò ní gba ìyẹn náà lọ́wọ́ yín.