Ẹ má ṣe gbé ife lé kápẹ́ẹ̀tì lásán

Ọ̀sẹ̀ yìí ni kọfí dà sórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá ìgbàlejò wa, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Kò sí ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ ife náà. Àbúrò mi kàn jókòó tì í ni, kápẹ́ẹ̀tì rì lábẹ́ rẹ̀, ife gíga tí ìdí rẹ̀ kéré náà fì, kí n sì tó na ọwọ́ ó ti dojú bolẹ̀. Mo ń wo bí omi dúdú náà ṣe ń tàn, tí irun kápẹ́ẹ̀tì ń fà á mu, tí òórùn rẹ̀ gba yàrá, tí kò sì sí aṣọ kankan nítòsí àfi ìborùn funfun tí ó wà lọ́rùn mi. Òun ni mo fà yọ tí mo fi tẹ ojú ibẹ̀. Omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ni ó yọ ìyókù.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sílẹ̀ bíi tiwa mọ̀ pé kápẹ́ẹ̀tì rọ̀, apá kan ìdí ife a sì máa rì ju ìkejì lọ. Bí ife bá ga tí ó sì kún, òkè ni ìwúwo rẹ̀ wà, fífì díẹ̀ ti tó láti dà á. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ àtẹ pákó tí ó le, tí ó fẹ̀, tí ó sì wúwo sílẹ̀, kí ẹ tó gbé ife lé e. Èyí tí ó fúyẹ́ kò wúlò, nítorí bí ènìyàn bá fọwọ́ ti etí kan, etí kejì yóò gbéra. Àwọn kan yóò ní kí a lo tábìlì. A ní tábìlì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni a ti ń bá àwọn ọmọ ṣeré.

Ife onídìí fífẹ̀ dára, ìdérí náà dára, ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ́pò àtẹ, nítorí ife onídìí fífẹ̀ pàápàá ń fì lórí kápẹ́ẹ̀tì tí irun rẹ̀ gùn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kí àtẹ náà wà, kúrò lójú ọ̀nà.

Bí nǹkan bá sì dà, ẹ má ṣe fi aṣọ ra á, kí ó má baà wọnú irun sí i. Aṣọ funfun gbígbẹ ni kí ẹ máa tẹ̀ mọ́ ọn, láti etí wá sí àárín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fáànù fẹ́ ẹ títí abẹ́ rẹ̀ yóò fi gbẹ, nítorí tìmùtìmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì a máa fa omi pamọ́, a sì máa rùn bí ó bá pẹ́.