Ẹ Wo Ibi Tí Ara Ti Sú Kí Ẹ Tó Dárúkọ Oúnjẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ní kílíníìkì awọ ara, Bàbá kan ló kọ́ mi ní èyí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wá láàárín oṣù mélòó kan. Iwájú orí wú, ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, ara ń yún wọn. Gbogbo ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀, òde ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé. Mo gbà pé oúnjẹ òde ni. Mo ní kí wọ́n fi edé sílẹ̀, ó di ẹyin, ó di ẹja. Bàbá gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, wọ́n ń fi ọbẹ̀ tí ò lẹ́ja jẹ àmàlà, wọ́n rù. Ara tún sú. Ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà kẹta, màmá nọ́ọ̀sì kan pè mí: "Dókítà, ẹ wo etí Bàbá." Etí irun ló sú yíká: iwájú orí, òkè etí, ẹ̀yìn ọrùn. Àyà àti ikùn mọ́ kedere. Oúnjẹ wo ló ń yan etí?

"Bàbá, ìgbà wo lẹ kun dáì sórí gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ Jímọ̀. Ṣé irun funfun ni kí n gbé lọ sóde ìyàwó ni?"

Nǹkan tó kan awọ tí ara ò gbà kì í tètè fi ara hàn. Ó sábà máa ń gbà tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Dáì ọjọ́ Jímọ̀ ló yọ lọ́jọ́ Àìkú, ìrẹsì ọjọ́ Sátidé ló gba ẹ̀bi. Ẹ má sì jẹ́ kí "ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó" tàn yín jẹ: ara lè gba nǹkan fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kọ̀ ọ́.

Abẹ́ ìdodo tó sú, ẹ wo irin bẹ́líìtì, níkẹ́ẹ̀lì ni, irú irin kan tí awọ àwọn kan kì í gbà. Orí ẹsẹ̀ tó sú bí okùn sílípáàsì ṣe rìn, rọ́bà. Ọwọ́ bíríkìlà, sìmẹ́ǹtì. Ibì kan lára tó ń dúdú lójú kan náà léraléra, ẹ bèèrè oògùn tí wọ́n gbé mì, pàápàá èyí tó ní sulfa, irú oògùn kan tó ń pa kòkòrò àrùn. Àmọ́ èyí tó wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, ẹ fi bíró fa ìlà yí i ká. Tó bá pẹ̀rọ̀ kí wákàtí 24 tó pé, tí òmíràn wú níbòmíràn, a lè wá bèèrè oúnjẹ àti oògùn.

Àwòrán inú ìwé wa, awọ òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, pupa ni wọ́n ní ká máa wá. Awọ dúdú kì í sábà pọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ẹ fọwọ́ kan awọ náà wò.

Látọdún 1895 tí Josef Jadassohn, dókítà awọ ara, ti fi àyẹ̀wò alẹ̀mọ́wò (patch test, lílẹ nǹkan mọ́ awọ láti wo èyí tí ara ò gbà) han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a ò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ fún irú èyí. A lẹ nǹkan díẹ̀díẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn Bàbá, a ṣí i lẹ́yìn wákàtí 48, a tún wò ó ní 96. Ẹyọ ibì kan ṣoṣo ló wú, ó ní ìléròrò wẹ́wẹ́: ibi tí a lẹ paraphenylenediamine sí, kẹ́míkà inú dáì irun. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà, torí ó wà nínú làálì dúdú náà. Bàbá ká bébà yẹn, wọ́n fi sínú fìlà.