Ibùdó Wo Ló Gba Tírélà Wa?

Nígbà tí a fẹ́ ra tírélà wa, nọ́ńbà tí a rí nínú ìwé ìpolówó rẹ̀ ni 28, a sì gbà pé ẹsẹ̀ bàtà 28 ni gígùn rẹ̀. (Tírélà tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù tí a ń pè bẹ́ẹ̀ nílé o. Ilé onítáyà ni, tí ó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù láti fà á lọ síbi tí a bá ń lọ.) Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a gbé e dé, èmi àti ọkọ mi mú téèpù, a wọ̀n ọ́n láti ẹnu irin tí a fi ń so ó mọ́ ọkọ̀ títí dé ibi àkàbà àti táyà àfikún tí ó wà lẹ́yìn pátápátá, ó sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 32 àti íǹṣì 7. Ìwé ìpolówó kò ka irin iwájú mọ́ ọn, kò sì ka ohun tí ó yọ síta lẹ́yìn. Ọkọ̀ tí ń fà á gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Bí a bá so méjèèjì pọ̀, ohun tí ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 50 ni ọkọ mi ń wà lójú títì.

Mo fi ìwọ̀n yìí ṣáájú nítorí pé láti ọdún mẹ́rin tí a ti ń fà á kiri àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn ilẹ̀ igbó àti òkè tí ìjọba àpapọ̀ ń dáàbò bò, òun ni ó ń pinnu ibi tí a ó sùn ju ohunkóhun mìíràn lọ. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tírélà sábà máa ń bi mí pé ọgbà wo ni ó lẹ́wà jù. Èmi a sì bi wọ́n padà pé, ẹ̀yin ha ti wọn tírélà yín bí, àtìrin iwájú rẹ̀ àtohun tó yọ lẹ́yìn rẹ̀? Ẹni tí kò bá mọ iye yẹn gan-an kò tíì lè yan ibùdó kankan, ìyẹn ibi tí a ń gbé tírélà sí láti sùn.

Kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé ààyè inú àwọn ọgbà náà há. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó wá pàgọ́ sínú igbó a máa wa ọkọ̀ gba àárín igi kọjá bí ó ti wù wọ́n, táyà a máa ki ilẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, igi a sì máa gbẹ. Emilio Meinecke, onímọ̀ nípa àrùn igi tí ó bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́, ni ó gbé àbá jáde ní 1932 pé kí a la ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ yóò máa gbà lọ sí apá kan ṣoṣo, kí ọ̀nà náà yí po bí òrùka, kí a ya ààyè kékeré fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì fi òkúta ńlá tàbí ìtì igi dá ààlà sí i kí ọkọ̀ má baà yà sórí gbòǹgbò. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba gbà síṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ Civilian Conservation Corps láàárín 1933 sí 1942 kọ́ ọ̀pọ̀ ibùdó lọ́nà yìí. Ètò Mission 66, tí ìjọba fi tún àwọn ọgbà náà ṣe láti 1956 sí 1966, tún fi púpọ̀ kún un, ṣùgbọ́n tírélà ìgbà yẹn náà kéré sí ti òní. Nítorí náà, nígbà tí ibùdó kan kò bá gbà wá, n kì í bínú sí i. Nítorí igi ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, igi náà sì ṣì wà níbẹ̀, òun ni gbogbo wa ń torí rẹ̀ lọ.

Òye yìí kò tètè yé mi. Ní ìgbà ooru ọdún kejì, a gba ààyè sílẹ̀ ní ibùdó kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n kọ ọ́ sí ojú ìwé rẹ̀ pé ààyè náà gba ọkọ̀ tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 35, tiwa sì jẹ́ 32 àti díẹ̀, ọkàn wa balẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ààyè náà. Ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ ni kò gbà wá. Kí a tó dé ibẹ̀, ọ̀nà náà ṣẹ́ kọ́rọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, igi páìnì àgbà kan sì dúró sínú igun náà gan-an. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé táyà tírélà kì í tọ ipasẹ̀ táyà ọkọ̀ tí ń fà á. Bí ọkọ̀ bá yí igun, inú igun ni tírélà máa ń gé gbà, bí ó bá sì ṣe gùn tó ni yóò ṣe gé e tó. Ìdí rẹ̀ tún máa ń fì sí òdìkejì, tí ó lè gbá òpó tàbí òkúta tí ẹni tí ń wa ọkọ̀ ti rò pé òun ti kọjá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ dúró lẹ́yìn, mo ń ju ọwọ́ sí ọkọ mi.

“Bàbá Ìbejì, ẹ dúró! Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́!”

“Ó kù tó báwo, Ìyá Ìbejì?”

“Kò ju ìka mẹ́rin lọ.”

Ìka mẹ́rin náà kò tó. Ó gbà wá ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì láti jáde kúrò ní igun yẹn, ọkọ̀ mẹ́fà dúró sẹ́yìn wa, aṣọ ìbòòji tí a ń ká sí ẹ̀gbẹ́ tírélà sì ya. Aṣọ kò dùn mí tó igi. Èèpo rẹ̀ bó ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo sì lọ sọ fún òṣìṣẹ́ ọgbà náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé àwa ni a ṣe é. Igi tí ó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí bàbá mi ni.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí ibùdó kan tí nọ́ńbà rẹ̀ gbà wá, ọ̀nà inú rẹ̀ ni mo máa ń yẹ̀ wò kí n tó san owó. Mo máa ń ṣí àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè lórí Google Earth, mo máa ń tọ ọ̀nà náà láti ẹnu géètì dé ààyè tí mo fẹ́, mo sì máa ń fi ohun tí mo mọ gígùn rẹ̀ díwọ̀n igun kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó wà nínú àwòrán náà sábà máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 15 tàbí 16. Ibi tí ewé bá ti bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ nínú àwòrán, mo mọ̀ pé ẹ̀ka igi wà lókè ibẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù tí ó wà lórí òrùlé wa sì lè kọ lù ú. Apá tí ààyè náà wà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, apá òsì ọkọ̀ ni awakọ̀ ń jókòó sí, nítorí náà bí ààyè bá wà ní apá òsì ọ̀nà, ọkọ mi lè yọrí lójú fèrèsé kí ó máa wo ìdí tírélà bí ó ti ń fi ẹ̀yìn wọlé. Bí ó bá wà ní apá ọ̀tún, ojú rẹ̀ kò ká a mọ́, ohùn mi nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn ààyè kan tún wà tí a ń gba iwájú wọ̀ tí a sì ń gba iwájú jáde láìfi ẹ̀yìn rìn rárá. Bí mo bá rí irú wọn, n kì í jáfara.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ náà gba àkàtúnkà. Ní ibùdó Upper Pines, ní àfonífojì ọgbà Yosemite, ọkọ̀ onílé tí ó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 35, ṣùgbọ́n tírélà kò gbọ́dọ̀ ju 24 lọ. Ẹni tí ó bá ka ti àkọ́kọ́ tí kò ka ìkejì yóò rin ìrìn àjò ọjọ́ méjì kí ó tó gbọ́ pé kò sí ààyè fún òun. Ní àwọn ibòmíràn, gígùn ilẹ̀ ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, tírélà àti ọkọ̀ tí ó fà á ni yóò sì jọ pín in. Bí a bá tú tiwa kúrò lára ọkọ̀, ibo ni ọkọ̀ yóò dúró sí? Mo máa ń fi ìbéèrè yìí pe ọ́fíìsì ọgbà, wọ́n sì máa ń fi sùúrù dá mi lóhùn.

Ní Grand Canyon, ní etí gúúsù, ibùdó méjì wà nítòsí ara wọn tí ó fi ìyàtọ̀ hàn dáadáa. Mather wà láàárín igi, ó tutù lójú, ṣùgbọ́n kò gba ohun tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ, kò sì sí iná tàbí omi ní ààyè rẹ̀. Trailer Village gba ọkọ̀ tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 50, ó ní iná, ó ní omi, ó ní ojú ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà lọ, igi rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti Mather. Ibẹ̀ ni a sùn, n kò kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọ̀gbun ńlá náà ni a wá wò, a sì ń bá a níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ní Yellowstone, Fishing Bridge ni ibùdó kan ṣoṣo tí ó ní iná, omi àti ihò ìdọ̀tí pa pọ̀. Wọn kì í gba àgọ́ aláṣọ níbẹ̀ nítorí àwọn béárì, tírélà tí ògiri rẹ̀ le nìkan ni wọ́n ń gbà.

Ṣé dandan ni iná? Èrò mi ni pé ooru ni yóò dáhùn. Okùn iná 30 áḿpíà ń fún ènìyàn ní wáàtì 3,600, èyí tí ó tó fún ẹ̀rọ amúlétutù kan àti ohun kékeré díẹ̀. Bí ibi tí a ń lọ bá gbóná tí kò sì sí iná, jẹnẹrétọ̀ ni yóò kù, àwọn ọgbà sì ní wákàtí tí wọ́n fi àyè gbà á. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó, láti aago 10 alẹ́ títí di aago 6 òwúrọ̀ kò gbọ́dọ̀ dún rárá. Inú mi dùn sí òfin yẹn, nítorí pé òkùnkùn àti ìdákẹ́jẹ́ wà lára ohun tí a wá gbádùn. Bí ó bá sì jẹ́ ibi tí ó tutù, gáàsì ni a fi ń mú inú ilé móoru, ṣùgbọ́n bátìrì ni ó ń yí fáànù rẹ̀, ó sì lè tán kí ilẹ̀ tó mọ́. A máa ń gbára dì fún òru mẹ́ta láìsí iná; bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí iná wà ni mò ń wá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò parí sí inú ibùdó. Ní Big Bend, ní Texas, wọ́n gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fa tírélà tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ gba ọ̀nà Chisos Basin, nítorí igun àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀. Ihò abẹ́ òkè tí ó wà ní ọgbà Zion, ní Utah, tí wọ́n ṣí ní 1930 tí ó sì gùn ju máìlì kan lọ díẹ̀, há débi pé ọkọ̀ ńlá kò lè dúró sí apá tirẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni ka òfin rẹ̀ tuntun kí ó tó gba apá ìlà-oòrùn wọlé. Ní Glacier, ní Montana, ọ̀nà Going-to-the-Sun kò gba ohun tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ ní gígùn tàbí 8 ní fífẹ̀ láàárín Avalanche àti Rising Sun, wọ́n sì ń ka bọ́ńpà àti dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Èyí kan àwa gan-an. Tírélà wa kò lè débẹ̀, ìyẹn hàn kedere, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń fà á, tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20, lè kọjá ní gígùn. Dígí ńlá tí a ń nà síta nígbà tí a bá ń fa ẹrù ni yóò mú kí ó fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, àfi kí a ti í wọlé.

Glacier ni a sì ń lọ ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀. Kò sí iná ní ibùdó inú ọgbà náà, nítorí náà òru mẹ́ta ni mo gbà sílẹ̀ ní Apgar, níbi tí ààyè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti gba ọkọ̀ tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 40, a ó sì lo ọjọ́ tí ó kù ní ibùdó aládàáni kan tí ó ní iná níwájú géètì. Mo ti jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìforúkọsílẹ̀ lórí Recreation.gov, ìkànnì tí a ti ń gba ààyè sílẹ̀, mo ti kọ ààyè mẹ́ta sórí bébà láti alẹ́ àná rẹ̀, gbogbo wọn ní apá òsì. Èyí tí mo fẹ́ jù ti bọ́ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mo rí ìkejì gbà. Lánàá, ọkọ mi ti àwọn dígí náà wọlé, a sì tún mú téèpù jáde.