Àwọn Ọmọ Tí Mo Bá Gbé Lọ́dún Yìí

Ọyẹ́ ti dé sí Àjàṣẹ́, ọdún ń parí lọ, mo sì jókòó ṣe àyẹ̀wò ọdún mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ilé tí mo ní n ó kùn kò tíì fojú kan ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí mo lè tọ́ka sí ni ìwé ìtàn mẹ́ta tí mo tún kà, tí ọmọdé ti ń sọ ìtàn ara rẹ̀.

L'Enfant noir tí Camara Laye tẹ̀ jáde lọ́dún 1953 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fi kọ́ wa ní kọlẹ́ẹ̀jì. Ọmọ náà ń ti esùsú bọ ejò lẹ́nu nítòsí ilé bàbá rẹ̀, alágbẹ̀dẹ wúrà ní Kouroussa nílẹ̀ Guinea, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé ikú ni òun ń bá ṣeré. Nígbà náà lọ́hùn-ún, mo gbà pé ọmọ ni ó ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún yìí ni mo tó rí i pé àgbà tí ó ti jìnnà sílé, tí àárò ń sọ, ni ó mú kálàmù dání. Huck Finn, ọmọ inú ìwé tí Mark Twain kọ ní 1884, kò dúró dàgbà kí ó tó sọ tirẹ̀. Ó kọ lẹ́tà tí yóò fi Jim, ẹrú tí ó sá, lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì tún fà á ya, ó gbà pé ọ̀run àpáàdì ni òun ń lọ. Àwa tí à ń kà á ni a mọ̀ pé ó ṣe rere.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni Pip, nínú Great Expectations, ìwé Charles Dickens ti ọdún 1861. Joe alágbẹ̀dẹ, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá kí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Fìlà Joe ń já bọ́ ṣáá níbi tí ó gbé e lé, ojú sì ń ti Pip. Ó jẹ́wọ́ pé bí owó bá lè dá Joe padà lọ́nà, òun ìbá san án. Àgbà ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò wá àwíjàre fún ọmọ tí òun jẹ́ rí. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e lékè àwọn méjì yòókù.

Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí bàbá mi ti Kétu wá wò mí níhìn-ín, tòun ti àpò gààrí lórí àti bàtà rọ́bà tí ó fi wáyà so. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní ará ilé wa ni. Bàbá sọ àpò kalẹ̀, ó fi owó wẹ́wẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ará ilé yín ń lọ o."

Lóṣù yìí, mo lọ sí Kétu, mo sì fi Yorùbá sọ ìtàn Pip fún un. Ọ̀rọ̀ fìlà pa á lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí bóyá Joe dúró jẹun alẹ́. Mo ní, "Rárá, Bàbá. Wọ́n pè é, kò padà wá."

Ó mi orí. "Èmi náà ò jẹun lọ́jọ́ yẹn."