Ẹ Ka Owó Tó Wọlé: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ìpín Iléeṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ìpín iléeṣẹ́, èyí tí èmi kọ́kọ́ rà, torí pé ó pọ́ọ́kú ni mo ṣe rà á. Iléeṣẹ́ méjì ni mo ń wò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìpín kan nínú ti àkọ́kọ́ ń lọ ní 200, ti èkejì ń lọ ní 2 péré. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe nígbà tí owó kan náà lè fún mi ní 100? Mo kó owó lé èyí tó jẹ́ 2, mo sì sùn oorun àsùnwọra.

N kò bèèrè pé ìpín mélòó ni wọ́n gé iléeṣẹ́ náà sí. Èyí tó ń lọ ní 200 ní ìpín mílíọ̀nù 10, ìyẹn ni pé bílíọ̀nù 2 ni ọjà dá lé gbogbo rẹ̀. Èyí tó ń lọ ní 2 ní ìpín bílíọ̀nù 4, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù 8. Èyí tí mo pè ní pọ́ọ́kú ló wọ́n ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 100 ni èrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ lọ́dún. Ẹ fi èrè yẹn pín iye tí ọjà ń bèèrè: ọdún 20 ni èrè ọ̀kan máa fi dá owó náà padà, ọdún 80 ni ti èkejì. Ọdún 80 ni mo rà tí mo ń yọ̀ sí. Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ mi tún tẹ ìpín bílíọ̀nù 4 mìíràn jáde, wọ́n tà á fún ẹlòmíràn láti fi san gbèsè. Iye ìpín ọwọ́ mi kò dín, àmọ́ ohun tí mo ní nínú iléeṣẹ́ náà ti di ìdajì.

Ẹ má rò pé iléeṣẹ́ tí kò dára nìkan ni irú èyí ń bá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2000, Cisco, tó ń ṣe ẹ̀rọ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá, ni iléeṣẹ́ tí iye rẹ̀ ga jù lágbàáyé. Ọjà dá lé e ju bílíọ̀nù 500 dọ́là lọ. Iléeṣẹ́ gidi ni, kò sì kógbá wọlé. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ọdún 2002, iye ìpín rẹ̀ ti já wálẹ̀ ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ, ó sì ju ogún ọdún lọ kó tó padà débi tó wà. Cisco kò sì dúró sójú kan: òótọ́ ni pé ó pàdánù lọ́dún 2001, àmọ́ nígbà tí ogún ọdún fi kọjá, èrè rẹ̀ ti ga gan-an ju ti ọdún 2000 lọ. Ẹni tó rà á lọ́dún 2000 kò ṣi iléeṣẹ́ rà, iye tó rà á ló ṣì.

Èyí tó gbà mí ní àkókò jù ni ọ̀rọ̀ èrè. Èmi gbà pé èrè ni owó. Ọjọ́ tí ojú mi là, ìròyìn ọdọọdún iléeṣẹ́ kan ni mo tẹ́ sórí tábìlì, ti ọdún mẹ́ta, tí mo sì fi bírò sàmì sí i. Èrè wọn: mílíọ̀nù 40, lẹ́yìn náà 52, lẹ́yìn náà 67. Ó wuyì lójú. Mo wá ṣí ojú ìwé tí wọ́n ń kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde sí, èyí tí mo máa ń fò kọjá tẹ́lẹ̀. Owó tí òwò wọn mú wọlé ní tòótọ́: 35, lẹ́yìn náà 12, ní ọdún kẹta, 9 ló jáde dípò kó wọlé. Níbo wá ni owó náà wà? Mo wá a kiri títí mo fi rí i níbi tí wọ́n kọ owó tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sí. Àwìn ni wọ́n ń tà. Ọjọ́ tí ọjà bá ti kúrò nílé ni wọ́n ń kọ èrè rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ kì í wọlé àfi ìgbà tí oníbàárà bá san án, bó bá san án rárá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọjà tí kò tà ń ga sí i nínú ilé ìkẹ́rùsí wọn.

Èyí kì í ṣe olè jíjà o, òfin ìṣirò owó fàyè gbà á. Iléeṣẹ́ tó ń dàgbà kíákíá sì lè nílò láti ná owó síta ní ọdún kan sí méjì. Ṣùgbọ́n bí èrè bá ń gòkè lọ́dọọdún tí owó kò sì tẹ̀ lé e, ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún yín. Èmi kò ra ìyẹn.

Kódà, owó tí wọ́n ní ó wà ní báńkì lè máà sí níbẹ̀. Wirecard ti ilẹ̀ Jámánì wà lára àwọn iléeṣẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọjà ìpín orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni àṣírí tú pé bílíọ̀nù 1.9 owó yúrò tí wọ́n kọ sínú ìwé, a kò rí i níbìkankan. Láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n ti kógbá wọlé. Àwọn ayẹ̀wé-owó-wò tó ní ọ́fíìsì àti àṣẹ kò tètè rí i, kí ni èmi tí mo jókòó sídìí tábìlì ilé mi fẹ́ rí? Ìdí nìyẹn tí n kò fi ń jẹ́ kí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá owó mi, bó ti wù kó dá mi lójú tó.

Owó tí wọ́n ń pín fún onípìn-ín náà máa ń tan èèyàn. Bí iléeṣẹ́ bá ń san 6 lórí ìpín tó jẹ́ 100, ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Kí ìpín náà já sí 40, ìwé tí wọ́n ń to àwọn ìpín sí á máa pè é ní ìdá 15, ẹnu yín á máa dá itọ́. Ó lè jẹ́ pé ọjà ti ń fura pé wọn kò ní lè san án mọ́ ni. General Electric, iléeṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń san sẹ́ǹtì 24 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lórí ìpín kan tẹ́lẹ̀; lọ́dún 2017 wọ́n gé e sí 12, nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2018 wọ́n ní sẹ́ǹtì 1 ló kù.

Ẹ má sì fi báńkì wé iléeṣẹ́ oògùn. Gbèsè ni ọjà tí báńkì ń tà, bí ẹ bá fi ojú gbèsè iléeṣẹ́ mìíràn wò ó, gbogbo báńkì ló máa dà bí ẹni tó fẹ́ kú. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú òwò kan náà ni kí ẹ fi wéra wọn.

Ṣáájú kí n tó rà nísinsìnyí, gbólóhùn mẹ́ta ni mò ń kọ sínú ìwé: ìdí tí mo fi ń rà á, iye tí mo rà á, àti ohun tó máa jẹ́ kí n gbà pé mo ṣì. Nígbà kan mo kọ ọ́ pé, “Bí gbèsè wọn bá kọjá ìlọ́po mẹ́ta èrè ọdún kan, màá tà.” Ó kọjá. Mo ka ìwé mi, mo sì wá àwáwí: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun ni, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ọdún kan. Ìdajì owó mi lọ. Owó tó ti di ìdajì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì kó tó padà sí bó ṣe wà, èyí tí mo mọ̀ lórí ìwé kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Mo tún ti ta èyí tó dára jù lọ́wọ́ mi nígbà tó lé díẹ̀, nítorí mo fẹ́ rí èrè, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó yí padà nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo kọ. Ìyẹn dùn mí ju àdánù lọ.

Orúkọ iléeṣẹ́ mẹ́fà ló wà nínú ìwé náà lálẹ́ yìí. Mo ti fa ìlà sórí mẹ́rin. Ìkarùn-ún, owó rẹ̀ wọlé bí èrè rẹ̀ ṣe wí, àmọ́ ó wọ́n, mo ti kọ iye tí mo fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mò ń dúró. Ìkẹfà, mo ti ka ìròyìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò tíì lè sọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí owó fún ìyàwó mi kó sì yé e.