Ẹ má tíì ṣí browser: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí Perl àti CGI

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wá kọ́ Perl, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lọ́dọ̀ mi ló máa ń kánjú lọ sídìí browser. Mi ò bá wọn wí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń hàn. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi ni pé ìdí terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ jókòó sí. Tẹ́ ẹ bá kọ script, ìyẹn ètò yín, tán, ẹ tẹ perl -c pẹ̀lú orúkọ fáìlì náà. Tí Perl bá ti fèsì pé syntax OK (kò rí àṣìṣe nínú bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́), ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí ohun tó ń tẹ̀ jáde.

CGI, ọ̀nà tí server (ètò tó ń gbé ojú ìwé ránṣẹ́ sí browser) fi ń pe script, ò ní awo kankan nínú. Láti 1993 tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ ní NCSA, ibùdó kọ̀ǹpútà kan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyí: server á gba ìbéèrè lọ́wọ́ browser, á kó apá kan rẹ̀ sínú àwọn variable (orúkọ tí wọ́n ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí) bíi QUERY_STRING, á wá pe script yín. Tó bá jẹ́ POST, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ kan, ni fọ́ọ̀mù ń lò, STDIN, ẹnu ọ̀nà ìwọlé script, ni ohun tí wọ́n kọ máa gbà wọlé. Ohunkóhun tí script bá sì tẹ̀ jáde ni server máa gbé lọ. Content-type, ìlà tó ń sọ irú ohun tó ń bọ̀, ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ìlà òfìfo kan tẹ̀lé e. Ẹ má fojú kékeré wo ìlà òfìfo yẹn o. Tí kò bá sí, 500 Internal Server Error lẹ máa rí.

Tí 500 bá sì yọ, ẹ má jókòó máa wò ó. Inú error log, fáìlì tí server ń kọ àṣìṣe sí, lọ̀rọ̀ wà; tó bá jẹ́ Apache ni server yín lórí Ubuntu, irú Linux kan, ẹ wo /var/log/apache2/error.log. Èyí tó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù níbẹ̀ ni No such file or directory. Fáìlì wà níbẹ̀, wọ́n ń wò ó, wọ́n ti ṣe chmod 755 (àṣẹ tó ń jẹ́ kí fáìlì lè ṣiṣẹ́), síbẹ̀ wọ́n ní kò sí. Tó bá jẹ́ orí Windows ni wọ́n ti kọ ọ́, àmì kan tí ojú ò rí máa ń wà ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. Linux á so àmì yẹn mọ́ ìdí /usr/bin/perl tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ script, á wá máa wá perl kan tí kò sí níbì kankan. Perl ni kò rí, kì í ṣe script yín. Ètò kan tó ń jẹ́ dos2unix á tún un ṣe kíá.

Ibi tó kan àwa Yorùbá jù rèé. Ẹ ní kí length, àṣẹ Perl tó ń ka gígùn ọ̀rọ̀, ka Ṣọlá tó ti inú fọ́ọ̀mù wá, á ní 9. Byte, ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ló ń kà: Ṣ gba 3, ọ gba 3, l gba 1, á gba 2. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fi Encode, irinṣẹ́ Perl kan, decode rẹ̀ (sọ byte di lẹ́tà) ló máa tó di 4. Bọ́lá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo èdè tí kọ̀ǹpútà ń lò, ò ní ọ́ ní odindi, àmì ohùn orí rẹ̀ dá dúró, nítorí náà 5 ni length máa pè é, kódà lẹ́yìn decode. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á bí èèyàn ṣe ń kà á, \X ni kẹ́ ẹ lò nínú regex, bátànì tí Perl fi ń wá ọ̀rọ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí fọ́ọ̀mù tó sọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ di àmì ìbéèrè lọ́tùn-ún lósì. charset=utf-8 nínú Content-type, binmode lórí STDOUT (ẹnu ọ̀nà ìjáde script), decode lórí ohun tó ń wọlé: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé.

Ní ti CGI.pm, àkójọ irinṣẹ́ CGI fún Perl tí Lincoln Stein kọ, kò bá Perl wá mọ́ láti ẹ̀dà 5.22 ní 2015. Ẹ máa fi cpanm, ètò tó ń gbé irinṣẹ́ Perl wọlé, gbé e wọlé ni. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ó ṣì dáa lójú mi. Tó bá di iṣẹ́ tí oníbàárà máa sanwó fún, Mojolicious tàbí Dancer2, àwọn framework Perl fún ìkànnì, ni kẹ́ ẹ lò, torí perl tuntun ni server ń bẹ̀rẹ̀ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lábẹ́ CGI, ó sì ń falẹ̀ tí èrò bá pọ̀. Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, ẹ má ṣe tẹ ohun tí àlejò kọ jáde bó ṣe wà. Ẹlòmíì lè kọ <script> síbi tẹ́ ẹ ti ní kó kọ orúkọ, kí browser wá máa ṣiṣẹ́ kóòdù rẹ̀. escapeHTML, tó ń sọ irú àmì bẹ́ẹ̀ di ọ̀rọ̀ lásán, wà nínú CGI.pm fún un. Látorí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti máa lò ó.