Ọmọ ayò mẹ́tàdínláàádọ́ta: àyẹ̀wò ọdún mi

Ọdún ti ń dágbére. Lọ́dọọdún, bí a bá ti jẹ ìrẹsì Kérésì tán, mo máa ń jókòó sí tábìlì ilé ìdáná wa ní Thamesmead, ní London, màá kọ ohun tí mo ṣe àti ohun tí mo bà jẹ́ sílẹ̀. Tèṣí, ọ̀rọ̀ ilé tí a fẹ́ rà ló gba gbogbo ìwé. Tọdún yìí, omi ni.

Mo lúwẹ̀ẹ́ láti fi kówó jọ fún àwọn tó ní MS, ìyẹn multiple sclerosis, àìsàn tó ń ba iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Àbúrò mi obìnrin wà lára wọn. Mo ṣèlérí pé inú púùlù àdúgbò wa ni màá ti wẹ ìwọ̀n òkun tó wà láàárín Dover àti ilẹ̀ Faransé, máìlì 21. Mítà 25 ni púùlù náà, torí náà láti etí kan dé etí kejì, ìrìn 1,352 nìyẹn. Mo tún fẹnu ara mi sọ pé ọ̀sẹ̀ méjìlá ni màá fi parí ẹ̀. Matthew Webb tó kọ́kọ́ wẹ òkun náà kọjá lọ́dún 1875 kò lò tó wákàtí 22. Èmi lo oṣù mẹ́jọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Tàbí kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí wa sí, a ò jìnnà sí afárá Láfẹ́ńwá, ojú wa ni odò Ògùn ń ṣàn kọjá. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin wo ló jẹ́ sọ fún Màámi pé òun ń lọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀? Àwọn ọmọkùnrin á bẹ́ sódò, àwa á máa bá wọn di aṣọ mú. Mo ti pé ọmọ ọdún 43 kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń dojú bomi kí wọ́n tún rí èémí mí. Ọmọ Ìlàjẹ tó bá ń ka èyí, kó foríjì mí. Mo ṣáà mọ̀ pé mi ò dá wà: wọ́n ti sọ ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí pé nínú àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú 100, 95 ni kì í lúwẹ̀ẹ́. Irun wà lára ohun tó fà á, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ta ló fẹ́ jókòó wákàtí márùn-ún kí wọ́n dirun fún un, kó wá lọ rì í sínú kiloríìnì? Fìlà ńlá tí wọ́n ṣe fún irun bíi tiwa, FINA, àjọ tó ń darí ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé, kọ̀ ọ́ fún ìdíje lọ́dún 2021, ọdún kan náà tí Alice Dearing di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Ìlú Ọba ní Òlíńpíìkì. Ọdún 2022 ni wọ́n tó gbà á. Mo ra méjì. Ìkíní ya lọ́sẹ̀ kejì.

Ẹ jẹ́ n padà sórí àìsàn náà. Ọdún 2019 ni ojú òsì àbúrò mi ṣàdédé ṣú, ó ní ó dà bí ẹni tó ń wo nǹkan láti inú nọ́lọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ojú náà là, a sì dúpẹ́. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó rí i: bàtà rẹ̀ á máa dún ṣáá-ṣáá lórí títì. Nílé, wọ́n ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Àyẹ̀wò MRI, èyí tó ń ya àwòrán inú ara, ló já a. Dókítà ní àwọn ọmọ ogun tí ara fi ń lé àrùn ló yíjú padà sí ara fúnra rẹ̀, wọ́n ń họ ohun tó bo iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, bí ìgbà tí eku bá jẹ rọ́bà ara wáyà iná. Wáyà lè má já, àmọ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí ẹsẹ̀ á pẹ́ kó tó dé, nígbà mìíràn kò ní í dé rárá. Ó lé ní 150,000 èèyàn tó ń bá a gbé nílẹ̀ yìí, obìnrin ló sì pọ̀ jù. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àbúrò mi máa ń lọ jókòó sí ọsibítù, wọ́n á fa oògùn sí i lára láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Màámi ò yéé béèrè ohun tó fà á. Mo sọ fún un pé lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wò, àkọsílẹ̀ èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì rí i pé kòkòrò kan tó ń jẹ́ Epstein-Barr wà nídìí ẹ̀: ẹni tó bá ti kó o, ewu MS rẹ̀ á di ìlọ́po 32. Mo ní ṣùgbọ́n gbogbo wa pátá la fẹ́rẹ̀ẹ́ ti kó kòkòrò náà, ọ̀pọ̀ ò sì ní í mọ̀, nítorí náà òun nìkan kọ́. Màámi dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Ó yé mi. Ta ló wá rán kòkòrò náà sí i?"

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé, mi ò sì ní í fi pamọ́. Lóṣù kẹrin tí mo ṣí ojú ewé ìkówójọ lórí JustGiving, mo gbé fọ́tò àbúrò mi sí i. Fọ́tò òde ìgbéyàwó kan ni. Ó wé gèlè aláwọ̀ sánmà, ó ti ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn àga, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ orúkọ àìsàn náà sábẹ́ ẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tí mo wà lórí WhatsApp: ti ẹbí, ti ìjọ, ti àwọn ọmọ ilé ìwé wa àtijọ́, títí kan ti àjọ. Mi ò bi í. Mo ní oore ni mò ń ṣe, ṣé ẹni tó ń ṣoore tún ń gbààyè ni?

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìpè mọ́kànlá ti wọlé sórí fóònù Màámi. "Ṣé lóòótọ́ lọmọ yín ti rọ?" Ọmọ tó ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀! Ẹnì kan ní òun mọ wòlíì kan ní Ṣágámù. Ẹlòmíràn bi Màámi bóyá ọkọ ṣì ń gbé e sílé. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, àbúrò mi pè mí. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí tọrọ owó." Ó sì gé fóònù. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà láàárín ilé wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Mo yọ fọ́tò náà lóru ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni mo kà nípa Sylvia Lawry, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí MS ń ṣe arákùnrin rẹ̀. Lóṣù karùn-ún ọdún 1945, ó gbé ìpolówó kékeré kan sínú ìwé ìròyìn New York Times, ó bẹ ẹnikẹ́ni tí àìsàn náà bá ti fi sílẹ̀ pé kó jọ̀wọ́ kàn sí aláìsàn. Kò kọ orúkọ arákùnrin rẹ̀ síbẹ̀. "Aláìsàn" ló pè é, ó parí. Àwọn tó fèsì, àwọn náà ń wá ìwòsàn fún èèyàn tiwọn ni, inú ìyẹn ló sì ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1946. MS Society tilẹ̀ yìí, èyí tí mò ń kówó fún, Richard Cave ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1953 nítorí Mary ìyàwó rẹ̀. Ará ilé aláìsàn ni gbogbo wọn bíi tèmi. Kìkì pé ìpolówó bíńtín yẹn mọ ibi tó yẹ kí ẹnu dúró sí, èmi tí mo ní fóònù olówó ńlá lọ́wọ́ kò mọ̀ ọ́n.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ fọhùn. Kò kí mi, ìtàn kan ló fi ránṣẹ́, nípa Carol Cooke. Obìnrin yìí gan-an ló ní MS, ọdún 1998 ni wọ́n sọ fún un. Lọ́dún 2001 ó dá ìlúwẹ̀ẹ́ oníwákàtí 24 sílẹ̀ ní Melbourne, àwọn ẹgbẹ́ á máa gba omi lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru, wọ́n á fi kówó fún àwọn tó ní MS. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún gun kẹ̀kẹ́ gba góòlù ní Paralympics London 2012 àti ti Rio 2016. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àbúrò mi kọ sábẹ́ ẹ̀: "Aláìsàn fúnra ẹ̀ ló wọ omi."

Mo gbé bàtà mi, mo lọ sílé ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí pé ìkúnlẹ̀ kéré sí ẹ̀bẹ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dìde, kápẹ́ẹ̀tì òun dọ̀tí.

Ẹ ò rí i pé mo tún fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó ní òun fẹ́ wọ omi, mo wá púùlù olómi gbígbóná kan kiri, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣètọ́jú àwọn tí oríkèé ń dùn. Èmi rò pé omi gbígbóná ń tu ara, àgbo náà kọ́ là ń pọ́n fún ìwẹ̀? Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Èmi àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan la jọ gbé e jáde, ojú ọ̀tún àti tòsì ti ṣú pọ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè gbàdúrà. Ó jókòó síbi atẹ́gùn fún ìdajì wákàtí, ojú là, ẹsẹ̀ gbé e. Nọ́ọ̀sì MS rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi lórí fóònù: ooru ń dín iṣẹ́ tí wáyà tó ti bó lè ṣe kù, bí ara bá ti tutù yóò padà sípò. Uhthoff, dókítà ojú kan tó jẹ́ ará Jámánì, ti ṣàkíyèsí ẹ̀ lọ́dún 1890. Omi tó bá wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 27 sí 29 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dára fún un, ìyẹn púùlù gbogbogbòò tó ń mú èmi ní òtútù lójoojúmọ́! Ìdí tí Kérésì tó lọ lò nílé lọ́dún 2023 fi dá a dùbúlẹ̀ nìyẹn, tí gbogbo ilé sì ń sọ pé òyìnbó ti bà á jẹ́, kò lè bá wọn fọwọ́ kan nǹkan.

Ní ti owó. Mo ní £3,000 ni mò ń wá, mo rí £2,418. Èyí tó wọ ojú ewé ìkówójọ jẹ́ £1,730. £688 tó kù, akántì tèmi ni àwọn èèyàn wa fi ránṣẹ́ sí. "Jọ̀ọ́, fi nọ́ńbà akántì ẹ ránṣẹ́, mi ò mọ nǹkan íntánẹ́ẹ̀tì yẹn lò." Wọ́n ṣe dáadáa, Ọlọ́run á san án fún wọn, ṣùgbọ́n poun kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí bá fi sójú ewé yẹn, ìjọba á fi 25p lé e. Èyí tó bá gba ọwọ́ mi kọjá kò ní èlé, mi ò sì lè purọ́ pé owó tèmi ni. Bàbá kan nínú ìjọ fún mi ní £5, ó sì gbàdúrà ìṣẹ́jú mẹ́wàá lé e. Àwọn ìyá àjọ wa ló ṣe bẹbẹ, wọ́n gbé £400 kalẹ̀ láì bi mí lọ́rọ̀ kankan. Àwọn tó ná owó tó jù bẹ́ẹ̀ lójú agbo níbi òkú tí a sin lóṣù keje, mi ò ní í sọ ohun tí wọ́n mú wá. Mo ṣáà ń wò wọ́n.

Lára ohun tí MS Society ń náwó lé ni àyẹ̀wò oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Octopus, ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀, fún àwọn tí tiwọn ń burú sí i láìdúró. Metformin wà lára ohun tí wọ́n ń dán wò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, metformin àtọ̀gbẹ. Mo sọ fún Màámi, ó ní, "Èyí tí mò ń lò? Ṣé kí n di díẹ̀ ránṣẹ́ sí i ni?" Mo ní ká dúró kí wọ́n wádìí ẹ̀ tán ná.

Lóṣù karùn-ún, etí dídùn gbé mi ṣánlẹ̀. Lóṣù kẹjọ, wọ́n ti púùlù pa fún àtúnṣe. Mo fi ara mi ṣe ọ̀lẹ nínú oṣù kẹsàn-án, ìyẹn kò ní ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, ó ku ìrìn 48. Ìyẹn gan-an ni iye ọmọ ayò tó ń wà nínú ọpọ́n, àbúrò mi ló rí i bẹ́ẹ̀. Ó kó ayò Bàbá wa sínú nọ́lọ́ọ̀nù, ó gbé ike áísìkiriìmù òfìfo kan lọ́wọ́, ó jókòó létí omi pẹ̀lú fáànù kékeré oníbátìrì nítorí ooru inú ilé náà. Bí mo bá ti fọwọ́ kan ògiri, á ju ọmọ ayò kan sínú ike: kó! Mo ń gbọ́ ọ látinú omi. Kó! Lẹ́yìn ogún, mi ò kà mọ́, ike náà ló ń kà fún mi. Nígbà tí mo gbọ́ tí nọ́lọ́ọ̀nù gbẹ, mo di ògiri mú, èémí ò tó mi.

"Ó ku ẹyọ kan," ló wí.

Mo ní kò ṣẹ́ kù sí nọ́lọ́ọ̀nù mọ́. Ó ní mẹ́tàdínláàádọ́ta ni òun bá nínú àpò ayò láti àná, ọ̀kan ti sọ nù láti ayé Bàbá, òun mọ̀ọ́mọ̀ má sọ fún mi ni. Ó ti ń tú bàtà rẹ̀. Ó fi ọ̀pá ti ògiri, ó di irin àkàbà mú, ó ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn. Omi dé e láyà. Kò lúwẹ̀ẹ́. Ó fọwọ́ òsì di etí púùlù mú, ó ń rìn, èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, a sì dúró lẹ́ẹ̀mẹta kó tó débi tó jìn. Níbẹ̀ ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, mo fi ọwọ́ gbé orí rẹ̀ ró, a sì fà á lọ díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ fi kan ògiri.

Mi ò mọ̀ bóyá irú ìyẹn wọ ìṣirò. Mo kà á: 1,352.

Kí n tó gbé èyí síta, ó kà á. Ó ní kí n yọ ohun méjì kúrò, mo ti yọ wọ́n.